Ìdẹ́yẹsí láìsí ìkórìíra: báwo ni kí n ṣe ṣàlàyé rẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni màá darí ìjíròrò ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa lórí ẹ̀tanú, ibì kan sì ti dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo ti ka àlàyé tí Robert Merton, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe lọ́dún 1949: ẹnì kan lè ní ẹ̀tanú lọ́kàn kó má dẹ́yẹ sí ẹnikẹ́ni (ìyẹn ni pé kó má fi ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni dù ú), ẹlòmíì kò ní in, síbẹ̀ á dẹ́yẹ síni nítorí ẹnu ayé. Ìyẹn yé mi yékéyéké.

Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ní dandan kí olùwáṣẹ́ ga dé ìwọ̀n kan ńkọ́? Ọ̀pá kan náà ni wọ́n fi ń wọn gbogbo èèyàn, obìnrin ló sì ń já jù. Mo wá ẹlẹ́bi títí, n kò rí. Báwo ni mo ṣe lè fi yé wọn pé ìdẹ́yẹsí ṣì ni?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Mo ti ń dúpẹ́ sílẹ̀.