Ẹ̀gbẹ́ òkè tí katapílà gé: báwo la ṣe ń wọn iyẹ̀pẹ̀ tí ọ̀gbàrá ń gbá lọ?

Ọmọ Òkè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹ̀gbẹ́ òkè kan tí wọ́n gé fún ọ̀nà ni, lápá Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Lókè, ilẹ̀ líle ni. Nísàlẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n wọ́ dà síbẹ̀ ni. Irú irin wo ni kí n gún síbẹ̀, báwo ni mo sì ṣe máa sọ mílímítà di tọ́ọ̀nù? Òjò àkọ́rọ̀ ti dé tán.

Awọnlẹ̀: Ẹ ra irin 8 mílímítà, kí ẹ gé e ní 60 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ gbá a wọlẹ̀ títí yóò fi ku 10 sẹ̀ǹtímítà níta. Kí ó yọ jáde tààrà láti ojú ìdagẹ̀rẹ́, kó má nàró bí òpó iná. Irin 20 kò pọ̀ jù: ìlà 4, irin 5 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan.

Gígùn irin tó yọ síta lẹ óò máa wọ̀n: mílímítà tó bá fi gùn sí i ni iyẹ̀pẹ̀ tó ti lọ. Ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì irin ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, kí ẹ ro méjèèjì pọ̀, kí ẹ pín in sí méjì. Iyẹ̀pẹ̀ máa ń kó jọ sẹ́yìn irin lápá òkè, omi a sì gbẹ́ kòtò sí i nísàlẹ̀. Ibi méjèèjì yẹn, irọ́ ni wọ́n ń pa. Ẹ má sì tẹ ilẹ̀ apá òkè irin mọ́lẹ̀ o.

Mílímítà 1 lórí hẹ́kítà 1 jẹ́ mítà kúbíìkì 10 (ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 1 ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga). Bí mítà kúbíìkì kan bá wọn tọ́ọ̀nù 1.3 ní gbígbẹ, tọ́ọ̀nù 13 ti lọ nìyẹn. Ẹ má kàn yá 1.3 yìí lò: ẹ fi òrùka irin bu iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀, kí ẹ gbẹ ẹ́ ní 105°C fún wákàtí 24, kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì fi àyè inú òrùka náà pín ìwúwo rẹ̀.

Abẹ́ Òjò: Ìyẹn dára fún apá òkè. Iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n dà sílẹ̀ máa ń rọ̀ wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Irin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kan ilẹ̀ líle kò ní bá a rọ̀. Ẹ óò wá rò pé ọ̀gbàrá ló gbé e lọ. Aṣọ geotextile (aṣọ tó ń jẹ́ kí omi kọjá, tó sì ń dá iyẹ̀pẹ̀ dúró) ni kí ẹ ta síbẹ̀, kí etí rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ sókè bí oṣù lé, kí ẹ ri ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní 15 sẹ̀ǹtímítà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, abẹ́ rẹ̀ ni omi máa gbà. Ẹ la kòtò sókè, kí omi ibòmíràn má wọ̀ ọ́.

Ká ní ẹ kó ẹrẹ̀ 40 kílò lẹ́yìn aṣọ náà, tí 500 gíráàmù rẹ̀ gbẹ di 400: kílò 32 nìyẹn. Lórí ilẹ̀ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan jẹ́ mítà 5, tí ìkejì jẹ́ mítà 10, ó jẹ́ tọ́ọ̀nù 6.4 fún hẹ́kítà kan. Amọ̀ kíkúnná á gba inú aṣọ kọjá ṣá, nítorí náà ohun tó lọ gan-an ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ Òkè: Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé kí n kun orí irin ní ọ̀dà pupa, kí n lè tètè rí i?

Awọnlẹ̀: Rárá o! Àwọn tó ń ṣa irin tà á kó o kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ fi téèpù wọn ibi tí irin kọ̀ọ̀kan wà láti ara àpáta tí kò lè kúrò níbẹ̀.