Ọjọ́ mẹ́ta ní Istanbul: kí ni kí n jẹ, kí ni kí n rà?

Àbẹ̀ní_Ẹsẹ̀Yíyá
Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Mo máa yà sí Istanbul lóṣù tó ń bọ̀, Sátidé sí Mọ́ńdè. N ò débẹ̀ rí. Oúnjẹ òtẹ́ẹ̀lì ò wù mí, mo sì fẹ́ ra ẹ̀bùn fún èèyàn bíi mẹ́fà, àmọ́ báàgì àmúlọ́wọ́ nìkan ni tíkẹ́ẹ̀tì mi gbà. Gbogbo ẹni tí mo bi ló ní kí n lọ sí Kapalıçarşı, ọjà ńlá olórùlé tó wà níbẹ̀. Ṣé ibẹ̀ náà ni? N kì í mutí, kí ni mo lè mu?

Délé_B
Kapalıçarşı kì í ṣí ní Sọ́ńdè. Má lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà bíi tèmi.

Màmá_Alárìnká
Àbúrò, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti dé ìlú yẹn, mo sì fowó kọ́gbọ́n lẹ́ẹ̀mejì àkọ́kọ́.

Oúnjẹ ná. Wá ibi tí wọ́n ń pè ní esnaf lokantası, ibi tí àwọn ọlọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Wọ́n á ti to oúnjẹ sẹ́yìn gíláàsì, ìka lásán lo máa nà sí èyí tó bá wù ẹ́. Èmi nàka sí ìgbá dúdú gígùn tí wọ́n ki ẹran lílọ̀ sínú ẹ̀, karnıyarık lorúkọ ẹ̀. Ọjọ́ kejì, mo padà síbẹ̀ nítorí ẹ̀. Tètè lọ o, èyí tó dùn jù ló máa ń kọ́kọ́ tán.

Láàárọ̀, ra simit, búrẹ́dì bí òrùka tí yànmọ̀tí bò lára. Mú un wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Eminönü lọ sí àdúgbò Kadıköy ní òdìkejì omi, bí ogún ìṣẹ́jú, kó o ra tíì nínú ọkọ̀. Ife kékeré tó fún níbàdí ni, kò sí mílíìkì. Mo béèrè mílíìkì nígbà àkọ́kọ́, ọmọkùnrin tó ń gbé tíì kiri wò mí bí ìgbà tí mo ní kó bu iyọ̀ sí oyin.

Ayran náà wà: wàrà kíkan tí wọ́n fi omi àti iyọ̀ pò. Şalgam ńkọ́? Omi kárọ́ọ̀tì elésè àlùkò ni, ó kan, ó níyọ̀. Ọkọ mi mu ìgò méjì, èmi ò lè gbé ẹnu kejì mì. Tó bá jẹ́ kọfí, sọ bó o ṣe fẹ́ ṣúgà kí wọ́n tó sè é, má sì mu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀.

Ọjà Kadıköy ni kó o ti ra nǹkan jíjẹ, kì í ṣe Kapalıçarşı, torí àwọn ará ìlú fúnra wọn ló ń rajà níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá kó saffron, èròjà ọbẹ̀ olówó gọbọi tí wọ́n ń rí lára òdòdó, fún ẹ lówó pọ́ọ́kú lódindi àpò, ìtànná mìíràn ni. Mo ra á rí. Ó mú ìrẹsì pọ́n, kò ta sánsán rárá. Nar ekşisi, omi pómégíránátè tí wọ́n sè títí ó fi ki, dáa gan-an, àmọ́ ka ara ìgò: tó bá jẹ́ «nar ekşili sos» ni wọ́n kọ, àbùlà ni. Èmi ra ojúlówó, ìgò méjì, mo kó wọn sínú báàgì àmúlọ́wọ́. Nǹkan olómi tó bá ju 100 ml lọ kò gbọdọ̀ kọjá níbi tí wọ́n ti ń yẹ báàgì wò ní pápákọ̀ òfuurufú. Wọ́n jù wọ́n sínú garawa níṣojú mi.

Lokum, adídùn wọn tó rọ̀, ló yẹ báàgì tìẹ. Tọ́ ọ wò kó o tó sanwó, kó o sì ní kí wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú ọ̀rá ẹ̀ jáde.

Ọmọ_Onílù
Màmá, ẹ má kóyán Kapalıçarşı kéré. Ọjà tó ti wà láti ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún! Ibẹ̀ ni mo ti dúnàádúrà lórí àwo aláràbarà, a mu tíì mẹ́ta kí iye owó tó bára mu. Tíì tí wọ́n bá fún ẹ kò ní kó o rà dandan. Àwo tí wọ́n bá fọwọ́ kùn, ìlà ẹ̀ kì í dọ́gba délẹ̀. Àmọ́ má ra ohun àtijọ́ o, òfin Túrkì kò fẹ́ kí wọ́n kó o jáde.

Àbẹ̀ní_Ẹsẹ̀Yíyá
Ẹ ṣé gan-an. Sátidé Kapalıçarşı, Sọ́ńdè Kadıköy. Àmọ́ Màmá, nar ekşisi yẹn ti ń wù mí o.

Màmá_Alárìnká
Sanwó ẹrù kan kún tíkẹ́ẹ̀tì ẹ, kó o ra tèmi náà mọ́ ọn.