"Ìdúró-dèsì" ni kí a pè é, kì í ṣe "àkókò ìdáhùn"

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o. Ẹ̀gbọ́n wa tó dábàá ní ọjọ́ Ajé pé kí a máa pe "response time", ìyẹn iye ìṣẹ́jú àáyá tí a fi ń dúró kí ìkànnì tó gbé ojú ewé tí a béèrè wá, ní "àkókò ìdáhùn" ṣe ohun tó dára, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àbá méjì tó tẹ̀lé e, "ìyára ìdáhùn" àti "ìpẹ́ èsì", náà kúrò ní ohun tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n mo ti fi oṣù mẹ́ta lo "àkókò ìdáhùn" lẹ́nu iṣẹ́ mi níbí ní Ìkòròdú, ohun tí ojú mi rí ló jẹ́ kí n kọ̀wé.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣọ́ ìkànnì àwọn oníbàárà: ilé ìwé, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ilé ìtajà méjì ní Sábó. Nagios, ètò kọ̀ǹpútà tó ń wò ó bóyá ìkànnì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ni mo fi ń ṣọ́ wọn, èyí tí Ethan Galstad gbé jáde ní 1999, tó ń jẹ́ NetSaint nígbà náà. Ọ̀kan nínú àwọn irinṣẹ́ tó ń bá a ṣiṣẹ́ ni check_http. Òun ló máa ń lọ kan ìlẹ̀kùn ìkànnì, tó máa béèrè ojú ewé kan, tó sì máa ka iye ìṣẹ́jú àáyá tó kọjá kí ojú ewé náà tó dé ọwọ́ rẹ̀. Èmi ni mo máa pa ààlà fún un. Tí mo bá kọ "-w 2 -c 5", ohun tí mo wí ni pé tó bá ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ, kó kìlọ̀ fún wa. Tó bá ju márùn-ún lọ, kó ké gbàjarè.

Ọmọ iṣẹ́ mi tó ń gba ìkìlọ̀ lóru gbọ́ Yorùbá ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, nítorí náà mo yí ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ náà sí Yorùbá. Lóru ọjọ́ kan fóònù rẹ̀ dún. Ohun tó kà nìyí: "ÌKÌLỌ̀. Àkókò ìdáhùn: 3.45." Ó wo aago ojú fóònù, aago mẹ́rin ìdájí kù díẹ̀. Ó rò ó pé ìkànnì ti dáhùn ní aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó dúpẹ́ pé ó dáhùn, ó sùn padà. Bẹ́ẹ̀ ìkànnì ilé ìwé kan ló ń lo nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta àti àbọ̀ kó tó ṣí, tó sì ń le sí i. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn òbí tó fẹ́ wo èsì ìdánwò ọmọ wọn ò rí nǹkan kan wò mọ́.

Mi ò bá ọmọ náà wí, nítorí kò ṣi ọ̀rọ̀ kà. Bí Yorùbá ṣe ń lo "àkókò" ló ṣe kà á. Àkókò òjò, àkókò ìrun, àkókò oúnjẹ: ìgbà tí nǹkan máa ń ṣẹlẹ̀ ni gbogbo wọn ń tọ́ka sí. Ẹ sọ "àkókò ìdáhùn" fún ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rí, ìgbà tó yẹ kí èèyàn dáhùn ló máa rò. Gẹ̀ẹ́sì ló kó ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀ àti bó ṣe pẹ́ tó sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Àwa ò kó wọn pọ̀. "Ìgbà wo ló dé?" àti "Ó ti pẹ́ tó wo?" kì í ṣe ìbéèrè kan náà, ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ìyára ìdáhùn" kò gba àròyé púpọ̀. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ni ìyára ń lọ sílẹ̀. Ẹni tó bá ka "ìyára: 6" lóru máa rò pé ẹsẹ̀ ìkànnì ti yá sí i ni.

"Ìpẹ́ èsì" ló mú mi ronú jù. Àǹtí wa tó dá a lábàá rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà, nítorí bí nǹkan ṣe pẹ́ tó gan-an ni à ń wọ̀n. Pé ará etí ọ̀sà máa kọ́kọ́ rántí ìpẹ́ ẹja kò bà mí lẹ́rù. Ọ̀rọ̀ méjì lè jọ ara wọn. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé "pẹ́" ti dá ẹjọ́ kí a tó wọ̀n ọ́n. Èsì tó dé láàárín ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, ta ló máa ní ó pẹ́?

Ẹ bá mi dé Ìpakòdò, níbi tí a ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó. Ọlọ́kọ̀ máa sọ fún yín pé ìrìn àjò náà kò pẹ́ rárá, nítorí ìgbà tí ẹ́ńjìnnì dún ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tí láífù jákẹ́ẹ̀tì ń há a lọ́rùn, láti ìgbà tó ti gba tíkẹ́ẹ̀tì ló ti ń kà. Kò sí èyí tó ń parọ́ nínú wọn. Èrò orí bẹ́ǹṣì yẹn ni check_http. Sẹ́fà, kọ̀ǹpútà tí ìkànnì ń gbé inú rẹ̀, kọ́ ló di aago mú. Ẹni tó ń béèrè ló dì í mú.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì MainOne tó gba abẹ́ òkun láti Portugal wá sí Èkó gùn tó nǹkan bíi 7,000 kìlómítà. Ìmọ́lẹ̀ tó ń sáré nínú irú wáyà bẹ́ẹ̀ ń rin nǹkan bíi 200,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí sẹ́fà bá wà ní etíkun Portugal, àlọ àti àbọ̀ á gbà tó 0.07 ìṣẹ́jú àáyá kí sẹ́fà náà tó ṣe ohunkóhun. Bó bá sì jẹ́ ìkànnì https, irú èyí tó ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ ní àṣírí, ó kéré tán ìgbà mẹ́ta ni àlọ àti àbọ̀ yẹn: ọ̀kan láti kí ara wọn, ọ̀kan láti fìdí àṣírí múlẹ̀, ọ̀kan láti béèrè ojú ewé. Ó ti di 0.21. Sẹ́fà lè dáhùn wéré kí ará Ìkòròdú ṣì wà lórí ìdúró. "Àkókò ìdáhùn" di gbogbo rẹ̀ lé sẹ́fà lórí. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu ẹni tó ń dúró jáde: ó dúró de èsì, ìdúró-dèsì. "Ìdúró" ṣe é kà, kò sì dá ẹjọ́. Ó lè kéré, ó lè pọ̀.

Ẹnì kan á ní kí ló dé tí mo fi "èsì" rọ́pò "ìdáhùn". Àlejò dé ẹnu ọ̀nà, ó ní "Àgò onílé o!" Onílé ní "Àgò yà o!" Onílé ti dáhùn, ṣùgbọ́n kò tíì gbé àga, kò tíì bu omi. Ping, irinṣẹ́ tó kàn ń béèrè bóyá kọ̀ǹpútà kan wà lórí ìlà, tí Mike Muuss kọ ní 1983, kò kọjá àgò. Mo ti rí sẹ́fà tó ń jẹ́ ping kíákíá, tí ojú ewé rẹ̀ sì ń lo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ nítorí pé dátábéèsì ẹ̀yìn rẹ̀, ibi tó ń kó àkọsílẹ̀ sí, ti rẹ̀. Ẹ̀yin tó ń lo curl, irinṣẹ́ tí a fi ń béèrè ojú ewé láìṣí bíráúsà, ẹ wò ó bó ṣe yà wọ́n sọ́tọ̀: time_connect ni "àgò yà", time_starttransfer ni ìgbà tí òkèlè àkọ́kọ́ jáde láti ilé ìdáná, time_total ni ìgbà tí abọ́ dé iwájú wa tán. Ẹ jẹ́ kí a fi "ìdáhùn" sílẹ̀ fún ping, kí "èsì" jẹ́ ti ojú ewé tí a béèrè.

Ó ku "timeout", ìgbà tí a dúró títí tí èsì kò dé, tí ẹnì kan pè ní "àkókò ti jáde". Yorùbá kọ́ nìyẹn. Tí a kò bá sọ iye fún check_http, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ló máa ń fi dúró kó tó padà lọ́wọ́ òfo. Bí a bá pe èèyàn títí tí kò jẹ́ wa, a ní a pè é tì. Bí a bá de èsì títí tí kò dé, a dè é tì. Nítorí náà mo ń rò ó bóyá "ìdètì" á ṣe é gbọ́. "Ìdúrótì" ìbá dùn mọ́ mi ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ẹni tó ń ran ni lọ́wọ́ náà ń dúró tì ni. Ẹ bá mi wò ó.

Mo ti yí ìkìlọ̀ náà padà báyìí. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, fóònù mi dún ní aago méjì òru, ọmọ iṣẹ́ mi ni. "Ọ̀gá, ìdúró-dèsì ti di 4.1," ó wí, mo sì ń gbọ́ ìró bọ́tìnì kọ̀ǹpútà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀.