Wọ́n gba páásípọ́ọ̀tù àbúrò mi, wọ́n ní ó jẹ gbèsè: ta ló yẹ kó sá lọ bá?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Àbúrò mi obìnrin lọ ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ lókè òkun, bó ṣe débẹ̀ báyìí lọ̀gá ẹ̀ ti gba páásípọ́ọ̀tù ẹ̀, wọn ò san kọ́bọ̀ fún un, wọ́n ní owó tíkẹ́ẹ̀tì ló ń fi iṣẹ́ san, gbèsè yẹn ò sì dín kù, ṣe ló ń pọ̀ sí i. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣìnnì ló ń sùn, òru ló máa ń yọ́ pè mí, á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Mo pe ẹ̀jẹ́ǹtì, ó ní ṣebí àbúrò mi fúnra ẹ̀ ló fọwọ́ sí ìwé. Irọ́ ni, àdéhùn UN ti ọdún 2000 lórí kíkó èèyàn ṣòwò sọ pé tí wọ́n bá ti fi ẹ̀tàn tàbí ipá mú èèyàn, pé ó gbà tẹ́lẹ̀ ò já mọ́ nǹkan kan. Mo kọ̀wé sí ẹ́ḿbásì, wọ́n ní kó wá fúnra ẹ̀, ẹni tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́! Ẹ̀rù ọlọ́pàá ń bà á torí físà ẹ̀ ti parí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀: tó bá ráyè jáde, ta ni kó kọ́kọ́ lọ bá tí wọn ò fi ní tì í mọ́lé nítorí físà, ẹ̀rí wo ló sì yẹ kó mú dání?