Báwo ni mo ṣe lè ṣàlàyé ìdọ́gba yìí fún ọmọ mi?

Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Adó-Èkìtì ni mo wà. Ọmọbìnrin mi lè yanjú ìdọ́gba tí wọ́n bá ti kọ ọ́ kalẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n tí ìṣirò bá wá ní ọ̀rọ̀, ó máa ń ṣì í kọ.

Lánàá, mo ní iye owó iṣu ńlá kan fi 500 náírà ju ti kékeré lọ, mo sì ra ńlá mẹ́ta àti kékeré márùn-ún ní 9,500 náírà. Èló ni kékeré kan? Ó fi x dúró fún kékeré, èyí tó dára, ṣùgbọ́n 3x + 500 + 5x = 9,500 ló kọ, ó sì rí 1,125. Èmi kọ 3(x + 500) + 5x = 9,500; 8x jẹ́ 8,000, x sì jẹ́ 1,000. Mo to iṣu mẹ́ta síwájú rẹ̀, mo fi 500 náírà lé ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí. Ó gbà, àmọ́ àṣìṣe kan náà ló tún ṣe nínú ìbéèrè tó tẹ̀ lé e.

Bí ìbéèrè bá sì ní “iye tó fi 4 dín sí x”, 4 − x ló máa ń kọ dípò x − 4, bẹ́ẹ̀ sì ni mẹ́rìndínlógún tó ń kà lójoojúmọ́, 20 − 4 ni.

Ọ̀nà wo ni ẹ ń gbà kọ́ ọmọ kí ó lè mọ ibi tí àkámọ́, ìyẹn àmì ( ), yẹ kí ó wà?