Ọ̀rinrin àhámọ́ tàbí omi adágún: orúkọ wo ló yẹ ohun tó ń jẹ páànù ọkọ̀ láti inú?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, ẹ kú làálàá. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni ohun tí a ó máa pe omi tó wọ inú ara ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, tí kò rí ọ̀nà jáde mọ́, tó sì ń mú kí páànù dógùn-ún láti inú wá sí ìta. Ẹnìkan dábàá omi adágún, ẹlòmíràn sì ní ọ̀rinrin ìkọ̀kọ̀ ló bá a mu. Èmi mú ọ̀rinrin àhámọ́ wá, kíá ni wọ́n sì bi mí pé ta ló há a mọ́. Ìbéèrè yẹn gan-an ni mo fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ohun tí à ń sọ lórúkọ.

Irin kì í dógùn-ún bí omi àti ọ́síjìn kò bá pàdé lára rẹ̀. Omi náà kò sì ní láti pọ̀ débi tí ojú yóò fi rí i. Afẹ́fẹ́ tó gbé ọ̀rinrin wọ inú ilẹ̀kùn ọkọ̀ lọ́sàn-án yóò làágùn sára irin nígbà tí irin bá tutù lóru, gẹ́gẹ́ bí ife omi dídì ṣe máa ń làágùn, èyí nìkan sì ti tó. Bí atẹ́gùn bá ń ráyè gba ibẹ̀ kọjá, yóò gbẹ lọ́jọ́ kejì. Bí kò bá ráyè, irin náà lè rin fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ láìjẹ́ pé òjò kankan rọ̀. Ibi tó burú jù ni ibi tí páànù méjì ti lẹ̀ mọ́ra, irú bí etí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn tí wọ́n ká pọ̀, nítorí pé omi máa ń fà wọ inú àlàfo tín-ínrín bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, bí epo ṣe ń fà gòkè lára òwú àtùpà. Kò ní pẹ́ tí ọ́síjìn inú omi náà yóò fi tán. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ewu ti tán pẹ̀lú rẹ̀, àmọ́ òdìkejì ló rí: ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìsàlẹ̀ àlàfo tí kò ní ọ́síjìn mọ́ àti ẹnu rẹ̀ tó ṣì ní in ń mú kí iná mànàmáná kékeré máa ṣàn láàárín wọn, ìsàlẹ̀ tí ọ́síjìn kò sí náà ni irin sì ti ń jẹra. Iyọ̀ a máa mú un yá sí i, torí pé omi iyọ̀ ń gbé iná ju omi lásán lọ.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, omi adágún kò lè dúró. Adágún jẹ́ omi tí a rí, tó tẹ́jú sí gbangba, tí oòrùn sì ń lá díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ohun tí à ń sọ lè má tó ìkán omi kan. Ọ̀rinrin ìkọ̀kọ̀ sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe bó ṣe fara pamọ́ ló ń ba irin jẹ́. Epo inú ẹ́ńjìnnì náà fara pamọ́. Àìrọ́nà-jáde ni àrùn náà, orúkọ tí kò bá sì fi èyí hàn yóò rán mẹkáníìkì lọ wá omi kiri dípò kó wá ọ̀nà tí omi ì bá gbà jáde.

Wàyí o, ta ló há a mọ́? Àwọn tó bi mí tọ́ka sí i pé há nìkan kò nílò olùṣe: bí eegun ẹja bá há ènìyàn lọ́fun, a kì í wá ẹni tó há a. Wọ́n ní ọ̀rinrin tó há ì bá ti tó, nítorí há mọ́ ń béèrè ẹni tó ti ilẹ̀kùn, bí ọlọ́pàá ṣe ń há afurasí mọ́. Mo gba àlàyé gírámà náà tọwọ́tẹsẹ̀, òun gan-an ló sì mú mi yan àhámọ́, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí inú wọn ti jẹra, ẹnìkan ló ti ilẹ̀kùn. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ mọ̀ pé òjò yóò gba etí gíláàsì wọ inú ilẹ̀kùn, wọn kò sì ṣe wàhálà láti dá gbogbo rẹ̀ dúró. Wọ́n lu ihò sí ìsàlẹ̀ kó lè máa jáde. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, pánẹ́ẹ̀bítà kan fi bọ́dìfílà tí wọ́n fi ń dí ibi tó tẹ̀ lára páànù dí ihò náà, tàbí kí ẹni tó kun ọkọ̀ fi ọ̀dà rẹ́ ẹ, tàbí kí ewé àti ẹrẹ̀ kún un, kí ẹni tó ni ọkọ̀ má sì bojú wò ó. Ẹlòmíràn a tẹ́ rọ́bà sórí kápẹ́ẹ̀tì tó ti rin. Kódà, ẹni tó fi tapólì tí kò gba atẹ́gùn bo ọkọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, tó lérò pé òun ń tọ́jú rẹ̀, àhámọ́ ló fi ọ̀rinrin sí. Àhámọ́ ń tọ́ka sí ẹlẹ́bi, n kò sì rí ìdí tí a ó fi fi ẹlẹ́bi sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kó wúlò ní ibi iṣẹ́.

Ó tún ní àǹfààní mìíràn: òdìkejì rẹ̀ ti wà nínú èdè, ìyẹn ìtúsílẹ̀. Ìdènà ìpáàrà, ìyẹn ìdènà dídógùn-ún irin, ni gbogbo wa ń kọ, n kò sì ní kí á pa á tì, torí pé ìdènà àrùn àti ìdènà ìjàǹbá ti mọ́ àwọn ènìyàn lára. Ṣùgbọ́n mo ti ka ìwé ìtọ́nisọ́nà kan tí olùtumọ̀ rẹ̀ kọ pé kí wọ́n dí gbogbo àlàfo abẹ́ ọkọ̀, níbi tí ohun tí ìwé àkọ́kọ́ sọ jẹ́ pé kí wọ́n fi ìda pa inú àlàfo náà lára. Ó dà bíi pé ìdènà ló fà á lọ sí dídí. Ibi tí ìdènà ti bá a mu láìsí àníàní ni ọ̀rọ̀ síńkì tí wọ́n fi ń bo páànù, tó máa ń jẹ́ kí ìpáàrà jẹ òun kó tó kan irin, kódà níbi tí ọ̀dà ti họ díẹ̀ kúrò. Porsche ti ń lo páànù tí wọ́n rì sínú síńkì fún ara ọkọ̀ 911 wọn láti àárín àwọn ọdún 1970. Níbi tó kù, iṣẹ́ ìtúsílẹ̀ ló pọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń da ìtumọ̀ rú ju ìdènà lọ, òun ni ọ̀dà. Ọ̀dà ni a fi ń kun ara ọkọ̀; ọ̀dà náà ni wọ́n dà sí ojú títì tí a fi ń pè é ní ọ̀nà ọlọ́dà; ọ̀dà ni wọ́n sì tún ń pe ohun dúdú tí wọ́n ń fọ́n sí abẹ́ ọkọ̀. Ohun dúdú yìí dára nígbà tó ṣì rọ̀, tó sì lẹ̀ mọ́ irin tó mọ́, tó gbẹ. Bó bá gbó, a gan, a sì sán. Omi á gba ojú sísán náà wọlé, ohun dúdú náà kò sì ní jẹ́ kó jáde mọ́, débi pé òkè rẹ̀ á máa dán nígbà tí irin abẹ́ rẹ̀ ń di ìyẹ̀fun. Mo dábàá kí á fi ọ̀dà sílẹ̀ fún èyí tí a fi ń kun ọkọ̀, kí á pe ti abẹ́ ní awọ abẹ́ ọkọ̀, nítorí pé ó ń gbó, ó sì ń sán bí awọ, kí á sì fi ìda sílẹ̀ fún èyí tí a ń fún sínú àlàfo, tí kì í gan.

Ihò ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ńkọ́? Ojú àgbàrá tí ẹnìkan mú wá dùn mọ́ mi nínú, ṣùgbọ́n àgbàrá ń ya ni, omi inú ilẹ̀kùn sì ń ro tótó bí ti aṣọ tí a sá. Èmi kọ́kọ́ kọ ihò ìromi, kí n tó rántí pé ẹni tó bá kọ ọ́ láìfi àmì ohùn sí i ti kọ ìròmi, kòkòrò tó ń jó lójú omi tí onílù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ odò. (Òwe yẹn ì bá bá ọ̀dà tó wú bí ìléròrò lára ọkọ̀ mu dáadáa: ìpáàrà fẹ̀ ju irin tó jẹ lọ, òun ló ń ti ọ̀dà sókè láti abẹ́.) Nítorí náà, ihò ìro ni mo fara mọ́.

Ní ti ìpáàrà àti dógùn-ún, n kò rí ìjà níbẹ̀. Àwọn tó ń ka Bíbélì mọ ìpáàrà láti inú Mátíù 6:19, dógùn-ún sì wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Kí ti àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ, kí èkejì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe. Ẹni tó ní dógùn-ún wá láti inú òógùn, torí pé páànù ń làágùn kó tó bàjẹ́, sọ ohun tó dùn létí, àmọ́ n kò ní gbé ọ̀rọ̀ titun karí ìjọra ohùn.

Báyìí ni mo ṣe fẹ́ kọ gbólóhùn tó dá gbogbo èyí sílẹ̀, kí ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò: «Ẹ fi igi tín-ínrín la àwọn ihò ìro, kí ẹ má ṣe fi irin là wọ́n, kí ọ̀dà má baà họ. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ títí inú rẹ̀ yóò fi gbẹ kí ẹ tó fún ìda sí i, torí pé bí ẹ bá fún un sórí ẹrẹ̀ tó rin, ẹ tún há ọ̀rinrin mọ́ nìyẹn.»