"Ayapa-ọpọlọ" kọ́: èsì mi lórí "yapa", "sàn" àti "gbọmọ"

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ kú ìjókòó.

Alàgbà wa láti Abẹ́òkúta dábàá pé kí á máa pe àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn kò rí bíi ti ọ̀pọ̀ ọmọ, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní neurodivergent, ní "ayapa-ọpọlọ", kí ìtọ́jú tó gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bó ṣe rí sì máa jẹ́ "ìwòsàn afọwọ́sí". Alàgbà, mo dọ̀bálẹ̀, àmọ́ mi ò lè gbà.

Ẹni tó kúrò lójú ọ̀nà ló yapa. Ìyapa ló ń tú ìjọ ká. Ẹ tún wá fi a- ṣíwájú rẹ̀, a- inú apẹja àti apànìyàn, ti ẹni tó fúnra rẹ̀ ṣe nǹkan. Kí ni ọmọ ṣe? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí i. Kassiane Asasumasu, ará Amẹ́ríkà tó dá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2000, ọ̀kan nínú wọn lòun náà, ó sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà fàyè gba gbogbo ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò rí bíi ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwa wá gbé e wọ Yorùbá, a sọ ọ́ di ẹ̀sùn. "Ọlọ́pọlọ-ọ̀tọ̀" ni tèmi. Oní- tó di ọlọ́- níbẹ̀ kì í bá ẹnikẹ́ni wí.

"Ìwòsàn" ló tiẹ̀ dùn mí jù. Kí ló ń ṣe ọmọ tí yóò sàn? Ọmọ àbúrò mi wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ ọdún 9 ni. Nígbà tó kéré, ẹni tó ń kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ máa ń di àgbọ̀n rẹ̀ mú, á ní "wò mí lójú", kó tó fún un ní súìtì. Ẹkún ni ṣáá. Ìyá wa lọ kí wọn, wọ́n rí i, wọ́n figbe ta: "Irú ẹ̀kọ́ wo lèyí? Ta ní ń kọ́ ọmọ pé kó máa wo àgbà lójú kòrókòró?" Ìyá wa ò kàwé lórí ọ̀rọ̀ yìí o, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn olùtọ́jú òde òní ń sọ náà nìyẹn: ọmọ lè má wojú ẹ, kó sì máa gbọ́ ẹ. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ báyìí á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì í, wọn á jọ máa to ìdérí ìgò. Ó fún un ní ohun ìbotí nítorí ariwo. Nígbà Kérésì, wọ́n tan ẹ̀rọ ata nílé wa n'Íbàdàn. Ọmọ fa ìbotí rẹ̀ bo etí, ó ń mi ara síwá sẹ́yìn títí wọ́n fi lọ ata tán, ó sì bá wa jẹun. Àìsàn wo ló sàn níbẹ̀? Ìtọ́jú ni.

Ní ti "afọwọ́sí", ìwé là ń fọwọ́ sí, kì í ṣe ọmọ. Ìdí nìyí tí mo fi dábàá "ìtọ́jú agbọmọmọ́ra". Arábìnrin wa ní Houston ní òun ń gbọ́ gbọ́mọgbọ́mọ nínú rẹ̀. Arábìnrin, ohùn lẹ gbójú fò. Gbé ọmọ ló di gbọ́mọ, ohùn òkè. Gba ọmọ ló di gbọmọ, ohùn àárín. Bàbá tó kọ́ wa ní gírámà n'Íjẹ̀bú-Òde kì í gba gbólóhùn kan tí kò lámì lọ́wọ́ wa, wọn á dá ìwé padà síni láyà.

Ẹni tó ní kí á padà sí orúkọ àtijọ́, "ẹni òòṣà", mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n arọ, abuké, àfín ni Ọbàtálá ní, àwọn tí ara wọn fojú hàn. Ti àwọn wọ̀nyí kò hàn lójú. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń pè wọ́n ní ẹlẹ́gbẹ́, tí wọ́n ń fi àwẹ̀ àti ẹgba lé ohun tí kò sí lára ọmọ.

Ibi kan ṣoṣo ló kù tó ń dà mí láàmú. Ẹni ọdún 20 tó ń gba irú ìtọ́jú yìí, ṣé "ọmọ" inú agbọmọmọ́ra kò ní bí i nínú? Mo gbìyànjú "agbanimọ́ra", ṣùgbọ́n ẹni tó lawọ́ sí àlejò la ti ń pè bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ bá mi yẹ "ni" yẹn wò.